Ọjọ́ Òmìnira tí Mo Dá Ṣe ní Sábó

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ kì í ṣe nǹkan kan ní Ọ̀yọ́ níbí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òun ni ọjọ́ òmìnira.

Ọdún mẹ́rìnlá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe é pọ̀. Bíríkìlà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun ń rán aṣọ ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ará Kútọnu ni wọ́n ń pè wá, bẹ́ẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí wa sí, Yorùbá tí wọ́n ń sọ náà là ń sọ. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.

Bí ọjọ́ náà bá pé, màá wọ mọ́tò lọ bá a. A ó jẹ súyà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màámi á sì pè láti ilé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, pé ká kọ orin orílẹ̀-èdè wa fún òun. Èdè Faransé ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló kàwé tó mọ̀ ọ́n parí. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé, ìlà àkọ́kọ́ ni mo mọ̀. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹnu lásán ni mo máa ń là. Bá a bá parí, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Màámi, lọ́dún tó ń bọ̀, nílé la ó ti ṣe é."

Nínú oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà ẹbí ní a ò gbọdọ̀ túfọ̀ fún màámi, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbà. Mi ò mọ̀ pé èmi ni màá máa gbé irọ́ náà kiri. Bó bá ti béèrè rẹ̀, màá ní fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́.

Lọ́dún yìí, mo tún lọ sí Sábó. Kì í ṣe pé ayẹyẹ ń wù mí o. Màámi mọ ariwo ibẹ̀, Haúsá tó máa ń gbọ́ lẹ́yìn wa. Bó bá gbọ́ ọ, irọ́ mi á jọ òótọ́. Ìwà ìkà gbáà ni, mo sì mọ̀. Ilé sú mi, àjò sú mi. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù náà ń ta ike. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú rẹ̀. Mi ò ra súyà.

Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Ìkòyí-Ilé, màámi."

Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ ọ́, jàre."

Mo kọ ìlà àkọ́kọ́. Mo dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń gbà á lẹ́nu mi, mo dúró síbẹ̀.

Ni màámi bá gbà á. Màámi tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, ó kọ ọ́ ní Faransé láti ibẹ̀ títí dé òpin, kò fo ìlà kan.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ́ mi lórí fóònù," ó ní. "Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé a ó fi yà ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ tí ẹ bá wálé. Bó bá ti Ìkòyí-Ilé dé, sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n parí."

"Màá sọ fún wọn, màámi," ni mo wí.