Ọjọ́ Méje Bàbá Aláago

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún ni Bàbá Aláago. Láti ọgọ́ta ọdún ló ti ń tún aago ṣe ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, kò sì yẹ òfin rẹ̀ rí: aago tó bá tún ṣe kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ méje tó pé. Yóò so ìwé pélébé mọ́ ọn, yóò gbé e kọ́ ògiri, yóò máa wò ó bóyá ó ń sáré tàbí ó ń falẹ̀. Oníbàárà ìbáà sunkún, kò gbọ́.

Lánàá, àwọn dókítà gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ dé ọkàn, wọ́n fi ilẹ̀kùn tuntun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá sípò èyí tó ti gan. Wọn ò la àyà. Láàárọ̀ yìí, ó ti jókòó, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà lórí tíì tí kò dùn.

Dókítà wọlé. "Bàbá, ẹ rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí òòyì ò bá kọ́ yín, tí ọkàn yín ń lù déédéé, ẹ ó lọ sílé lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀!" Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, fò dìde. "Ṣé ẹ ń lé wọn ni?"

"Bí àgbà bá pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ló ń gbàgbé ìrìn."

"O gbọ́?" ni bàbá wí. "Aago mọ́kànlá wà lára ògiri. Ta ni yóò yí kọ́kọ́rọ́ wọn?"

"Bàbá," ni ọmọ wí, "aago aládùúgbò wa, ọjọ́ mélòó ló lò lọ́dọ̀ yín?"

"Méje."

"Ó bẹ̀ yín títí."

"Ó bẹ̀ mí."

"Aago lásán o! Ọkàn yín wá ń kọ́? Ọjọ́ méjì?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá ń wo ọ̀já tínrín tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"O mú mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kì í fọwọ́ kan aago lọ́jọ́ méje yẹn. Mò ń ṣọ́ ọ ni. Àbí kò sí ògiri nílé wa tí o lè gbé mi kọ́, kí o máa ṣọ́ mi?"

"Nọ́ọ̀sì á máa pè yín láràárọ̀," ni dókítà wí.

"Bí mo bá ní ká padà wá, ẹ ò ní jiyàn?" ni ọmọ béèrè.

"Ṣé aago ń jiyàn ni?"

"Ẹ ò sì ní gun àga."

Bàbá gbójú sókè wo àjà. "Ìwọ lo máa yí wọn. Èmi á máa júwe."

Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Òòyì ò kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sílé.

Kò jẹ́ kí wọ́n gé ọ̀já náà. "Ọjọ́ ò tíì pé." Láràárọ̀ ni ọmọ ń fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń bẹ lára aago tó dájú jù lọ, tó ń kọ ohun tó bá kà sínú ìwé tí bàbá ń kọ ọ̀rọ̀ aago sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, ọmọ kọ̀wé, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Kí lo kọ?"

"Kò sáré, kò falẹ̀. Ó ń jiyàn díẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i.