Ohùn Nímọ́tà Nínú Ẹ̀rọ Géèmù

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà ní ilé ìdáná wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mò ń ṣa ẹ̀wà. Iná ti lọ láti òwúrọ̀. Nígbà tí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná dé. Fíríìjì ló kọ́kọ́ kùn, fáànù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ mi dún nínú pálọ̀: "Mọ́mì, mo ti dé o!" Mo ti la ẹnu láti kí i káàbọ̀ kí n tó rántí pé iléèwé lọ́mọ náà wà, pé aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń jáde, àti pé mo ti ilẹ̀kùn ìta pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì so mọ́ etí ìró mi. Mo pa ẹnu dé.

Mo mú ọmọ odó kí n tó wọ pálọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ fi ọmọ odó bá ohùn jà, mi ò mọ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù Adéọlá ló ń kùn lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Adéọlá. Ní Sátidé, ó ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ètò kọ̀ǹpútà sínú ẹ̀rọ náà kí òun lè máa fi ṣe iṣẹ́ iléèwé, nítorí agbára wa kò tíì ká kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ṣọ́ra kí iná má gbé e. Kò sọ fún mi pé òun yóò fi ohùn òun sí i.

Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, òórùn kan jáde lára rẹ̀, òórùn eruku ọyẹ́ tó ń gbóná lórí irin. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé ọmọ odó lé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí lè rò pé ohun tuntun ni kí ènìyàn sọ ẹ̀rọ géèmù di kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe tuntun. A ti ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí yín, mo sì mọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ilé àwọn òbí mi àti ilé Alfa dojú kọ ara wọn. Láti fèrèsé pálọ̀ wa sí fèrèsé yàrá Ìyá Nímọ́tà, ìyàwó Alfa, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni. Èmi àti Nímọ́tà, ọmọ wọn, ti kà á láìmọye ìgbà. Onítẹ̀bọmi ni wá, ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì fi lélẹ̀ là ń lọ. Alfa ní tiwọn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Bí Kérésìmesì bá dé, àwo ìrẹsì wa á ré kọjá. Bí Iléyá bá dé, ẹran tiwọn á ré wá. Ìyá Nímọ́tà ń rán fìlà. Ojú fèrèsé yẹn ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, wọn á máa rán, wọn á sì máa fi etí kó gbogbo ọ̀rọ̀ àdúgbò jọ. Wọ́n ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bí Nímọ́tà, òun nìkan ni Ọlọ́run sì fi sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àwa méjèèjì nígbà náà, oṣù méjì ni mo fi jù ú lọ.

Bí Nímọ́tà bá ti iléèwé dé, kì í yọ́ wọlé. Láti abẹ́ máńgòrò ni yóò ti pariwo: "Mo ti dé o! Ta ló wà nílé?" Ìyá rẹ̀ á dáhùn láìgbé ojú kúrò lára fìlà: "Káàbọ̀, Àṣàkẹ́ mi. Oúnjẹ rẹ wà nínú abọ́." Ojoojúmọ́ ni. Ẹni tí aago rẹ̀ bá kú lè fi wọ́n tún un tò.

Àbúrò bàbá wa ló fi ẹ̀rọ géèmù ránṣẹ́ láti òkè òkun, pé kí a máa fi gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Gbádé, wà nílé nígbà náà nítorí ìyanṣẹ́lódì ní iléèwé gíga wọn. Ọwọ́ wọn dilẹ̀, orí wọn ò dilẹ̀. Wọ́n kà á níbì kan pé ẹni tó bá rí irú disiki kan báyìí, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, lè sọ ẹ̀rọ náà di kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wá gbogbo rẹ̀ kiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é tán, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wá gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì bá ojú tẹlifíṣọ̀n ní aláwọ̀ búlúù, tí àwòrán kéékèèké tò sí etí rẹ̀.

"Bọ̀dá Gbádé, bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀lù ti parí. Kọ̀ǹpútà nìyí."

"Háà! Ẹ ti ba géèmù jẹ́!"

"Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé. Ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò bá yín wáṣẹ́?"

Màámi yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Gbádé, ọjọ́ tí o bá fẹ́ sọ fíríìjì mi di ààrò, kí o kọ́kọ́ pè mí."

Àwọn ọmọkùnrin bínú lọ. Èmi àti Nímọ́tà la dúró. Lẹ́tà ojú rẹ̀ kéré débi pé ẹsẹ̀ bàtà méjì péré là ń jókòó sí tẹlifíṣọ̀n, Màámi á sì máa pariwo pé ojú wa yóò fọ́. Bọ̀dá Gbádé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní yàrá nínú ẹ̀rọ náà: orúkọ ẹni lójú ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni ni kọ́kọ́rọ́, ohùn ẹni ni yóò sì máa dún bí yàrá náà bá ṣí. Ojú ti èmi, mo kàn ní, "Èmi nìyí." Nímọ́tà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ẹnu mọ́ maikirofóònù: "Mo ti dé o! Ta ló wà nílé?" Oríkì mi ló fi ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, mo sì fi oríkì tirẹ̀ ṣe tèmi. Àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n.

Nítorí pé iná wa kì í dúró, Bọ̀dá Gbádé tún tò ó pé bí iná bá lọ lójijì, tó bá padà dé, kí ẹ̀rọ náà tan ara rẹ̀, kó sì ṣí yàrá ẹni tó lò ó kẹ́yìn. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yàrá náà á tún ti ara rẹ̀ pa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ òde òní ò mọ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe òru nìkan ni ẹ̀rù ń bani. Ọ̀sán gangan ńkọ́? Nígbà tí oòrùn bá dúró ṣánṣán, tí òjìji ènìyàn sá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbà náà ni àwọn tí a kò rí ń rìn. Màámi, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í yé kìlọ̀ fún mi: "Bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́sàn-án gangan, kọ́kọ́ wo ẹni tó pè ọ́. Bí o ò bá rí i, má dáhùn." Bí mo bá bi wọ́n pé ibo nínú Bíbélì ni ìyẹn wà, wọn á ní kí n lọ fọ abọ́.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, Nímọ́tà ń tẹ̀wé nígbà tí iná lọ. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ibà ni, irú ibà tí gbogbo wa máa ń ní. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wọlé mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Nínú àṣà wa, ìyá kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ, ẹnì kankan kò sì sọ ibẹ̀ fún Ìyá Nímọ́tà. Mo rí wọn lójú fèrèsé lọ́jọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kò sí òwú nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí iná ti lọ yẹn, kò dé mọ́. Tiransifọ́mà àdúgbò ló jó. Láàárín ìyẹn ni ìyanṣẹ́lódì parí, Bọ̀dá Gbádé padà sí iléèwé. Ọjọ́ kẹrìnlá ni iná tó dé, lọ́sàn-án. Èmi àti Màámi wà níta, a ń bó iṣu. Àwọn ọmọdé hó, gílóòbù iwájú ilé tàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, láti inú pálọ̀ wa tí kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀, ohùn Nímọ́tà jáde: "Mo ti dé o! Ta ló wà nílé?"

Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu gbé orí sókè. Màámi fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, ọwọ́ wọn ń rùn fún iṣu tútù. Láti ojú fèrèsé kejì, Ìyá Nímọ́tà dáhùn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn: "Káàbọ̀, Àṣàkẹ́ mi. Oúnjẹ rẹ wà nínú abọ́."

Oúnjẹ wà nínú abọ́ lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ti ń bù ú, a ò mọ̀.

Mo sáré lọ ṣàlàyé fún wọn. "Ìyá, ẹ̀rọ ni. Bọ̀dá Gbádé ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ọmọ mi. Ṣé ẹ̀rọ ò lè jíṣẹ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán ni wọ́n sábà ń fún wa níná, ìyẹn sì ni Ìyá Nímọ́tà ń dúró dè. Wọ́n pa fìlà tì. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń bù ú, wọn kì í fi kan ẹnu. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á dà á fún adìyẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbà tó máa ń há mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ ti ń yọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn obìnrin ìdí kànga ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹni tó bá ń dá òkú lóhùn, yóò bá a lọ.

Màámi yọ wáyà ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ yẹn, iná dé, ilé dákẹ́. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Nímọ́tà ni, láìwọ bàtà, àwọn tí wọ́n fi ọdún mẹ́fà ju Màámi lọ, wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá Gbádé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi? Ẹ ṣí i fún un. Oòrùn ń pa á níta."

Màámi ki wáyà náà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tàsé ihò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ọjọ́ kejì, Alfa wá. Wọn ò fẹ́ jókòó. Wọ́n ní, "Ìyá Gbádé, ohùn ni, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ ti wà lọ́dọ̀ Ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń lọ, mo ń wò ó. Ẹ má yọ wáyà mọ́. Ẹ jẹ́ kí iná dé, kí ẹ̀rọ tàn, kí ìyá rẹ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ bá mi pa ohùn yẹn rẹ́."

Màámi wò mí. Èmi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kù sí lọ́wọ́.

Alfa dúró ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ oríkì ara mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, yàrá Nímọ́tà sì ṣí. Ohùn rẹ̀ dún ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ojú mi. Alfa kọjú sí ògiri. Ìwé tó ń tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo dánra wò, ìlà mẹ́tàlélógún: Ta ló wà nílé, Ta ló wà nílé. Ìlà tó kẹ́yìn dúró sí Ta ló.

Fọ́tò méjì ni Nímọ́tà ní láyé, ti iléèwé. Ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé máòsì. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, iná dé. Ẹ̀rọ kùn nínú pálọ̀. Mo wà lábẹ́ máńgòrò, mo ń wo Ìyá Nímọ́tà. Wọ́n ti la ẹnu díẹ̀, wọ́n ń retí. Mo ka oókan dé ọgọ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá náà ti ní láti ṣí báyìí, láìsí ohùn, pẹ̀lú ìlà mẹ́tàlélógún yẹn lójú rẹ̀. Ewé máńgòrò kan kò mì.

Ìyá Nímọ́tà ní, "Ó dàárọ̀ o."

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe oríkì mi. Mo kọ́kọ́ wo ojú wọn kí n tó dáhùn. Wọ́n ní kí n wá. Wọ́n ṣí abọ́, wọ́n gbé e sí iwájú mi, ẹ̀kọ méjì àti ẹ̀fọ́ rírò. "Jẹ ẹ́." Oúnjẹ òkú ni. Mo wẹ̀yìn wo Màámi, àwọn tí kì í jẹ́ kí n dá ohùn ọ̀sán lóhùn. Màámi fi ojú júwe abọ́ náà. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀fọ́ náà ti tutù, iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Nígbà tí mo jẹ ẹ̀kọ kan tán, ọwọ́ kejì wọ inú abọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ẹ̀gbà rẹ̀ ń ro, Ìyá Nímọ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Wọn ò bi mí ẹni tó pa ohùn náà rẹ́. Títí di òní, wọn ò bi mí. Wọ́n ṣì wà láyé, ojú wọn ti ṣe bàìbàì, wọn ò rán fìlà mọ́. Wọ́n ti gé igi máńgòrò. Bí mo bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, "Ẹ kú ilé o" ni mo ń sọ, mi ò jẹ́ béèrè láé pé "Ta ló wà nílé?" Àwọn náà á tẹjú mọ́ mi títí wọ́n á fi dá mi mọ̀, kí wọ́n tó ní káàbọ̀.

Nígbà tí Adéọlá dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rò. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n pa á rẹ́?"

Ayé ti yí padà. Ohùn ọmọ yìí wà nínú fóònù mi, ó wà nínú ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá mi, ibi tó wà pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ. Pípa ọ̀kan rẹ́ kò lè ṣe ìpalára kankan. Síbẹ̀, ẹnu mi kọ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti pa ọ̀kan rẹ́ rí.

Mo ní kó fi sílẹ̀.

Nítorí náà, bí iná bá dé lọ́sàn-án, ẹ̀rọ náà á pè mí, mi ò ní dáhùn. Nígbà tó bá di aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, ohùn kan náà á tún pè: "Mọ́mì, mo ti dé o!" Mo máa ń gbé ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo máa ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wá bàtà rẹ̀: aláwọ̀ ilẹ̀, tí okùn tòsì rẹ̀ já, tí mo fi òwú dúdú rán. Bí mo bá ti rí i tí ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìgbà náà ni mo tó ń sọ pé káàbọ̀, oúnjẹ rẹ wà nínú abọ́.