Ohùn Bàbá Oyèlékè

Ní àdúgbò Plateau, nílùú Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, aránṣọ kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Romuald. Edwige ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Kò sí ohun tó fi ń yangàn tó pé òun kì í gé aṣọ ẹnikẹ́ni láìwọn ẹni náà. Bí o bá gbé aṣọ wá pé kó rán ẹ̀wù fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Pàràkú, yóò ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ wọ ọkọ̀ wá. Ó ní ènìyàn kì í ṣe àpò gàrí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni orin. Bí arúgbó kan bá kú nínú ìjọ, òun ni í ṣẹ̀dá orin tí wọ́n máa kọ níbi ìsìnkú. Yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ilé olóògbé, yóò bá àwọn obìnrin ilé bẹ iṣu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò ní béèrè nǹkan kan, yóò kàn máa gbọ́. Ẹni tó ń bẹ iṣu kì í ráyè parọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé olóògbé kì í jẹ ẹran láì kọ́kọ́ já díẹ̀ fún ajá, tàbí pé ó máa ń sùn bí fádà bá ń wàásù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí àmín rẹ̀ ń ròkè tó tirẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí ni yóò kó sínú orin. Àwọn ọmọ olóògbé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sunkún, lórí ẹsẹ kan náà.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnìkan gba ọ̀kan nínú orin wọ̀nyí sínú tẹlifóònù. WhatsApp gbé e dé Pàràkú, ó gbé e dé Kútọnù, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí òtútù ń pa nílùú òyìnbó. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Ìyá Romuald ti di ẹni tí wọ́n ń pè láti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé rí.

Ọlọ́run ló ni ògo, kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tètè fi ògo náà ránṣẹ́ sókè. Ó máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ sùn nílé òun fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi gbígbóná àti oyin kó tó dáhùn ìkíni àwọn aládùúgbò. Ó ra awò ojú dúdú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Romuald rí fọ́tò rẹ̀, tó béèrè bóyá ojú ń dun Màmá, ó ní oòrùn ni. Òjò sì ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Àyè àtijókòó nílé olóògbé kò sí mọ́, nítorí ìsìnkú ti di mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó wá kọ orin mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ẹni tí kò tíì darúgbó. Orúkọ nìkan ló kù tí yóò máa fi sínú wọn. Kò sẹ́ni tó fura, àtẹ́wọ́ tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Élisabeth, tí wọ́n ti jọ ń kọrin láti ìgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó wá wọn ẹ̀wù Àjíǹde lọ́jọ́ kan, okùn ìwọ̀n wà léjìká rẹ̀, ó ní:

"Ìyá Romuald, torí ẹ̀wù lásán lo ṣe ń wọ̀n mí tọ̀tún tòsì báyìí. Orin tí o kọ lánàá, ta lo wọ̀n?"

Ó ní kí Élisabeth dúró jẹ́ẹ́, kí abẹ́rẹ́ má baà gún un. Abẹ́rẹ́ kankan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hermann pè é láti Kútọnù. Bàbá rẹ̀, Oyèlékè, kú sí Sakin, nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ní ìyá òun, Fọlákẹ́, kò béèrè màlúù, kò béèrè àgọ́. Orin Ìyá Romuald nìkan ló béèrè, kí àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń dàgbà ní Kútọnù lè mọ irú ẹni tí bàbá wọn àgbà jẹ́. Ó fẹ́ máa sọ nípa bàbá náà, ṣùgbọ́n ìpè mìíràn ti ń dún. Edwige bi í bóyá àgbẹ̀ ni bàbá. Ó ní àgbẹ̀ ni. Edwige ní ó ti tó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wọ awò dúdú, ó gbóhùn sókè:

*Ohùn rẹ la fi ń jí láàárọ̀, Oyèlékè,*
*Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ dùn ju oyin lọ.*
*Ta ni yóò tún pìtàn fún wa?*

Àwọn ará Sakin ń wo ara wọn. Bàbá àgbà kan húkọ́. Edwige rò pé ẹkún ló gbé wọn lóhùn lọ. Àwọn àlejò Kútọnù na tẹlifóònù sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì torí tẹlifóònù wọ̀nyẹn kọ ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀kejì. Fọlákẹ́ ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀ wá dúpẹ́. Ó béèrè ọmọ, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ pé:

"Ìyá Romuald, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ rí. Adití ni láti kékeré."

Kò bínú.

Ní Sátidé, Edwige lọ jẹ́wọ́ ìgbéraga. Fádà ní kó ka rosárì kan. Ó ka méjì, ìgbà tó ka ìkejì tán ló tó rí i pé ìgbéraga náà ló tún ń kà. Bẹ́ẹ̀ orin Sakin ti ń ti ilé dé ilé. Ẹbí méjì ti pè, wọ́n ní irú ti Bàbá Oyèlékè yẹn gẹ́lẹ́ làwọn fẹ́. Ó ní òun kò ráyè. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lé ẹ̀yìn zẹ́mì, alùpùpù tó ń gbé èrò, ó ní kó máa gbé òun lọ sí Sakin.

Fọlákẹ́ kò béèrè ohun tó wá ṣe. Ó na ọ̀bẹ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ iṣu. Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ òjò ni. Ní ọjọ́ kejì, Fọlákẹ́ sọ pé bí Oyèlékè bá ti oko dé, yóò fi èèkù ọkọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ọmọ lè gbọ́, òun tí kò gbọ́. Pé bí òun ìyàwó bá ń kọrin nídìí ààrò, yóò wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òun lẹ́yìn, yóò máa mi orí, yóò sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó bá orin. Ní ọjọ́ kẹta, oúnjẹ jinná, ọmọ-ọmọ kan sì fọwọ́ kan àyà, ó la àtẹ́lẹwọ́ sí Edwige. Fọlákẹ́ ní bí bàbá ṣe ń pe ènìyàn wá jẹun nìyẹn: èyí tó jẹ́ tèmi, tìrẹ ni. Gbogbo ilé ṣì ń ṣe é.

Lọ́jọ́ ogójì, nígbà tí ẹbí tún pé jọ fún àdúrà, Edwige kọ orin tuntun. Ó gbàgbé awò rẹ̀ sílé. Èèkù ọkọ́ wà nínú orin náà, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀yìn ìyàwó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ègbè wà, ó dákẹ́, ó fọwọ́ kan àyà, ó la àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ọmọ Kútọnù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní ẹsẹ kejì, gbogbo agbo ilé ti ń ṣe é. Ní ẹsẹ kẹta, Fọlákẹ́ la ọwọ́ tirẹ̀, kò sì pa á dé mọ́.

Hermann ti gba ohùn rẹ̀ nìkan sínú tẹlifóònù, láìsí àwòrán, ó sì fi í ránṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀sùn ti ń wọlé. Pàràkú ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gé e. Kútọnù ní ohùn Màmá ti ń lọ. Romuald pàápàá pè, ó ní, "Màmá, orin yín ń já lágbedeméjì."

Ó ní rẹ́sò Sakin ni, kò dára.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, ẹnikẹ́ni kò pè fún orin. Edwige jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló gbé tẹlifóònù yẹn wò, bóyá ó ti kú.