Ọwọ́ Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọwọ́ òsì nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tẹ kọ̀ǹpútà báyìí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì pé, ó kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, àfarawé lásán, sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé wa ní Kétu; Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ń gba odidi ọ̀sán kó tó jí nínú rẹ̀. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ á ṣẹ́," ló máa ń wí.

Nítorí eruku ọyẹ́, mo pa ìdérí kọ̀ǹpútà náà dé lọ́jọ́ kan tí Linux ń jí lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ti ba iṣẹ́ òun jẹ́; ó gbá mi lẹ́nu, ètè mi bẹ́. Ó ṣí i, ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn: Linux ti kú láti àárọ̀, kí n tó fọwọ́ kàn án rárá, torí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ gbàgbé láti fún un ní dísìkì, ibi tí ètò náà ti máa ka fáìlì rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún lù ú títí eegun ọwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ́.

Ìyá wa ti oko dé, ó bi wá ohun tó ṣe wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ṣubú ni. Mo ní èmi náà ṣubú.