Ẹ̀kán Omi Tí Curt Rí Tí Kò Sọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Curt Haugland fi ṣe iṣẹ́ páìpù ní ìlú Duluth. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lórí òkè, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló to páìpù ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta, òtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí adágún, àti ilé àwọn èèyàn tí kò lóǹkà: omi tó ń yọ níbẹ̀ dòní, ọwọ́ Curt ló gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà. Bó bá ti parí báyìí, àwọn tó ń kan ògiri á dé, wọn á bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí. Ìyẹn ò sì dun Curt, àfi ìgbà tí Wade, àbúrò ìyàwó rẹ̀, to páìpù mẹ́tàlá péré tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí.

Wade Pelkey ti lé lógójì ọdún, ó sì ń dá gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi àtijọ́, bíi pé wọ́n tún ń rìn lórí adágún, fún àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ pamọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ò gba iṣẹ́ náà mọ́. Bó bá ti ń ya ìgbì omi, á gbóná bí ààrò, fáànù inú rẹ̀ á sì máa han gooro títí Wade á fi fọwọ́ di etí. Ló bá pinnu pé òun á to òmíràn fúnra òun, èyí tí omi á máa gba inú rẹ̀ kọjá láti gbé ooru kúrò, bí rédíétọ̀ ṣe ń ṣe fún mọ́tò.

Nígbà tí Curt gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi ta sí i láyà.

"Wade wo? Ṣé Wade tó pè mí pé ẹ̀rọ omi òun ń jò, tó jẹ́ pé kò yí i pa dáadáa ni?"

"Má fi àbúrò mi ṣẹ̀sín o," ni Bonnie ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó máa ṣe é."

Ó sì ṣe é. Oṣù mẹ́rin ló fi wà nídìí rẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé. Ó ra páìpù ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó ń fi atẹ́gùn gbígbóná rọ̀ ọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kún korobá méjì. Nígbà tó parí, ó ní kí mọ̀lẹ́bí àtàwọn ẹgbẹ́ tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú títì.

Bonnie ló fa Curt lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Wade àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbé kọ̀ǹpútà náà gun àtẹ̀gùn wá sí pálọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì, omi aláwọ̀ aró sì ń yí po nínú rẹ̀ láìdún rárá. Àwọn àlejò ti yọ kámẹ́rà, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè yà á dáadáa. Curt gba àárín wọn kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá àbùkù. Kò rí. Gbogbo ibi tí páìpù ti tẹ̀ ló gún régé, àlàfo àárín wọn ò ju ara lọ.

"Ta ló kọ́ ẹ ní páìpù títẹ̀ báyìí?" ni ẹnì kan béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi," ni Wade dáhùn. "Mo kọ́ ara mi ni."

Curt sì dúró síbẹ̀ gbọnrangandan!

"Curt, wá wò ó!" ni Bonnie ń wí. "Ṣé o ti rí irú èyí rí láyé ẹ?"

"Mo ti rí páìpù rí, Bonnie."

Nígbà tó yá, gbogbo wọn wọ ilé ìdáná lọ jẹ ọ̀dùnkún tí Bonnie fi ẹran lílọ̀ àti wàràkàṣì yan. Ó wá ku Curt àti kọ̀ǹpútà nìkan. Ìgbà náà ló rí i. Lábẹ́ ìsopọ̀ keje, lókè káàdì ńlá tó ń ya àwòrán gan-an, ẹ̀kán omi kan rọ̀, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹlòmíràn ò lè rí i. Curt na ìka kàn án. Ìka náà di aró.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: orí àtẹ̀gùn ni páìpù náà ti yẹ̀ díẹ̀. Ó la ẹnu láti pe Wade. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà nílé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé, "Wade! Wade! Wade!" Curt pa ẹnu dé. Ó nu ìka rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò, ó lọ gba oúnjẹ.

Nínú ọkọ̀, Bonnie yíjú sí i. "Kí ló dé tó o lejú bí ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀? Àbí ò ń jowú ni?"

"Jowú kí ni? Jowú ike?"

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé fóònù pé kóun pe Wade. Fọ́tò Wade àti kọ̀ǹpútà náà tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ sí i, èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ti yìn ín. Curt dá fóònù padà sórí tábìlì.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè ni Wade pe Bonnie, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n lóhùn. Ó ní bóun ṣe ń ya àwòrán ọkọ̀ tóun máa fún àwọn oníbàárà lọ́jọ́ Ẹtì lọ́wọ́ ni òórùn ohun tó ń jóná kàn sọ, kọ̀ǹpútà sì kú pátápátá. Bonnie ní, "Curt, gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ, jẹ́ ká lọ."

Ilẹ̀ ni wọ́n bá Wade, tówẹ̀lì aláró yí i ká. "Ọ̀gá páìpù," ló wí, "o ṣeun tó o wá. Mi ò mọ ibi tó ti jò."

Curt ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ìsopọ̀ keje ni. Lókè káàdì yẹn."

"O ò tíì wò ó."

"Mo ti rí i látọjọ́ Sátidé."

Bonnie jẹ́ kí báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wade rọra dìde.

"O rí i, o ò sì sọ?"

"Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ." Curt gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀. "Mo jowú ẹ, Wade. O ní kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ."

"Ta ló wá kọ́ mi? Ìwọ ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó o wá fi hàn mí! Ẹ̀ẹ̀mejèèjì lo fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Wade nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Máa lọ, jàre. Kí n má sọ̀sọkúsọ."

Bonnie dúró ti àbúrò rẹ̀. Curt nìkan ló wakọ̀ lọ sílé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni ìyàwó rẹ̀ bá a sọ. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún Wade fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àkókò tí wọ́n fún un, ó sì fi kọ̀ǹpútà àyálò parí iṣẹ́ náà tipátipá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Wade pè.

"Mo ti ra káàdì mìíràn, mo sì ti tún páìpù tẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́nì kan fi afẹ́fẹ́ dán an wò kí n tó bu omi sí i. Mi ò mẹni tó mọ̀ ọ́n tó ẹ. Má rò pé mo ti gbàgbé o."

Curt lọ. Ó so ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù, ó sì tẹ ojú mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn: bí ibì kan bá ń jò, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀. Ó tan iná, ó ń yẹ ìsopọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká má purọ́, ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹyọ kan jò. Ẹyọ kan péré, kóun lè fọwọ́ ara òun tún un ṣe, kí Wade sì rí i. Ó yẹ keje wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdajì wákàtí kọjá, abẹ́rẹ́ ò mira.

"Kò jò," ló wí níkẹyìn.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó tú ẹ̀rọ náà kúrò. "Èyí témi kọ́kọ́ ṣe láyé mi ò rí báyìí. Ó jò ni."

Wade ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò omi, ó na àrọ sí Curt.

"Bá mi dì í mú."