Àtẹ Nọ́ńbà Tí Mo Yí Sódì

"Yí i, kí odò wà lókè." Ohun tí ọ̀gá mi sọ nìyẹn, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Yíyí wo? Ọ̀kan ṣoṣo ni "yí" lẹ́nu tiwa, àmọ́ nínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ tó ń yí nǹkan pọ̀ lọ súà.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Iléeṣẹ́ kan tó ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. A wọn ilẹ̀ kan láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé, a sì ń lọ sí ọ̀nà odò. Téèyàn bá kọjú sí odò, Ìlobù wà lọ́wọ́ òsì, Ìfọ́n wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo to àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ìwọ̀nlẹ̀ wa gbé jáde sínú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ̀ lé ìlà, bí ẹni pàtẹ ata. Níbi tí nọ́ńbà bá ti kéré, omi ni. Níbi tó bá ti tóbi, àpáta ni. Ìlà tí a kọ́kọ́ wọ̀n ni kọ̀ǹpútà gbé sókè, ni odò bá bọ́ sísàlẹ̀. Mo wá àṣẹ kan nínú ìwé atọ́nà rẹ̀, mo fi yí àtẹ náà, odò gòkè. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà bíi máàpù, mo kọ Ìlobù sósì, mo kọ Ìfọ́n sọ́tùn-ún. Ọ̀gá ní ó dáa. Àwọn tó máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ń bọ̀ ní ọ̀túnla.

Mo gbé máàpù náà délé wa ní Ìlobù. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, ọkọ ló gbé e wá sí Ìlobù. Bó ṣe rí i pé apá Ìfọ́n ni àmì omi bọ́ sí, ó fò sókè. "Háà! Ìyá mi bọ́ lọ́wọ́ garawa!" Ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó wà ní Ìfọ́n ò lágbára mọ́, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń pọnmi lódò. Ká ní apá Ìlobù ni omi wà ńkọ́? Ìjà ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá ru garawa kọjá ààlà á ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó. Màámi ò tiẹ̀ dúró wọ bàtà. Ó gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ láti sọ fún ìyá rẹ̀.

Ó wá ku èmi àti máàpù. Mo tún un wò. Àpáta ńlá tí àwọn ẹbí Màámi ń sá gbágùúdá sí ní Ìfọ́n, tí mo ti yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀ ní kékeré, apá Ìlobù ló wà nínú máàpù! Ṣé àpáta ń rìn ni?

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ti wà ní Òṣogbo. Mo da máàpù àkọ́kọ́, èyí tí mi ò tíì yí, kọ sórí bébà tó mọ́ gaara tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé. Mo yí i bí ọwọ́ aago tó kúrò ní méjìlá lọ sí mẹ́fà: odò gòkè, àmọ́ Ìfọ́n bọ́ sósì, Ìlobù bọ́ sọ́tùn-ún. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn! Mo dá a padà, mo wá dojú rẹ̀ dé, òkè sí ìsàlẹ̀: odò gòkè, ìlú méjèèjì ò kúrò lápá wọn. Àṣẹ tó ń dojú àtẹ dé ni mo ń wá.

Mo ń ṣí ìwé atọ́nà náà. Ká má purọ́, àdúrà mi ni pé kí n má rí i. Bí àpáta bá padà sí Ìfọ́n, omi á lọ sí Ìlobù, kí ni màá wí fún Màámi? Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fò kọjá látọjọ́ yìí: flipud. Mo ṣe bí orúkọ òyìnbó tó ṣe é ni, Fílípọ́ọ̀dù. Ìgbà tí mo gé e sí méjì ló tó yé mi: flip, kó dojú dé; u àti d, up àti down, kí òkè di ìsàlẹ̀. Ọlọ́run ò! Mo tẹ̀ ẹ́. Àpáta padà sí Ìfọ́n, omi lọ sí Ìlobù. Ọ̀gá ní èyí ni wọ́n á fi gbẹ́ ẹ.

Màámi ṣì ń kọrin nígbà tí mo délé. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ máàpù méjèèjì síwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó wò wọ́n, ó tún wò mí.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò lè tún un yí padà ni?"

"Ó lè yí i, Màámi. Omi ni ò ní bá a yí."

Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ó dáa. Wọ bàtà rẹ. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún ìyá mi."