Télọ̀ Tó Gé Bébà fún Ẹ́ńjìnnì

Wọ́n ní ìyàwó télọ̀ àdúgbò wa ló dáná sun mọ́tò eré ìje ọkọ ẹ̀. Irọ́ gbuu ni! Èmi tí mò ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà, ó ṣojú mi kòrókòró. Ooru omi gbígbóná lẹ rí, kì í ṣe èéfín iná.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí télọ̀ ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa yẹn ṣe fúnra ẹ̀, kò pe mẹkáníìkì kankan. Ọ̀rọ̀ náà wá sú ìyàwó ẹ̀. Ó ní, “Bí mọ́tò yìí ò bá kúrò níbí ní Sátidé, màá pe àwọn tó ń ra irin.”

Ibi tí omi ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Télọ̀ fi àlùmọ́gàjí gé bébà líle tí yóò fi dí i, bí ìgbà tó ń gé ọrùn búláòsì. Àṣé ó ti fi àyè tí wọ́n máa ń ṣẹ́ rán lára aṣọ sílẹ̀ létí ihò bébà náà! Ihò wá kéré, omi ò ráàyè kọjá, ni ẹ́ńjìnnì bá hó bí ìkòkò.

Mo ní, “Télọ̀, ṣé o fẹ́ ṣẹ́ bébà yẹn létí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó fi di Sátidé, ó ti gé òmíràn. Mo bi í bóyá ó ti dáa.

Ó ní, “Ó ti ń dún, Àǹtí. Ẹ ṣáà bá mi bẹ ìyàwó mi kó wọnú ọkọ̀ jókòó. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà, a ó jọ tì í ni.”